Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ẹ má ti ìdí gàrí pa, ẹ gbẹ́ kòtò omi fún un

Ẹ̀yin alága wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, Àríwá Ìjẹ̀bú, Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, Àríwá-Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, Odògbólú, Ogun Waterside, Ìkẹ́nnẹ́, Àríwá Rẹ́mọ àti Ṣágámù,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ àwa ará ìlú.

Ọ̀rọ̀ omi gàrí ni lẹ́tà yìí dá lé: omi tí jáàkì, ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ àpò, ń fún jáde lára ẹ̀gẹ́ rírin, tó ń gba abẹ́ àpò ṣàn lọ sínú gọ́tà, tó sì ń ti inú gọ́tà wọ odò. Ní ẹnu ibi tó ti ń jáde, funfun ni, ó dà bí omi ògì. Bó bá fi máa rìn tó ogún ìgbésẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, awọ tín-ín-rín kan ti bò ó lójú, ìfóófòó ń ru lábẹ́ awọ náà, òórùn rẹ̀ sì ti gba àdúgbò kan. Koríko etí rẹ̀ á gbẹ, á pọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dáná sun ún. Ibi tí mo ń wí yìí pọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àbígi, láti Ìṣárá dé Odògbólú. Ẹ̀yin náà ti kọjá níbẹ̀ rí, ẹ ti yí gíláàsì ọkọ̀ sókè.

Bí ẹjọ́ irú ibi bẹ́ẹ̀ bá dé ọ́fíìsì, wolé-wolé ni wọ́n sábà máa ń rán lọ. Wolé-wolé á kọ ìwé, á dá ọjọ́, á gba owó ìtanràn. Ìgbà mìíràn, àgádágodo ni wọ́n á fi sẹ́nu ọ̀nà. Mo ń fi gbogbo ọkàn mi bẹ̀ yín pé kí ẹ má tọ ọ̀nà yẹn mọ́. Ìyá tí ẹ bá lé kúrò nídìí ẹ̀rọ kò ní torí ẹ̀ fi gàrí sílẹ̀. Yóò gbé àpò rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, yóò fi òkúta àti igi tẹ̀ ẹ́, omi rẹ̀ á sì rọra máa rin lọ sínú kànga ilé tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń mu. Omi tí ẹ ń fojú rí tẹ́lẹ̀ lẹ sọ di ohun tí ẹ ò rí mọ́. Owó ìtanràn pàápàá kì í gbẹ́ kòtò. Lára èrè ọjà ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ibi tí àwọn ìyá yìí sì ti máa ń fa owó náà yọ ni ọjọ́ tó yẹ kí gàrí fi kan nínú àpò. Màá padà sórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣí ìṣirò sílẹ̀. Nínú tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan, ìyẹn kílò 1,000, èèpo àti ìdí tí a gé dànù máa ń tó kílò 200 sí 300. Gàrí tí a ó rí níbẹ̀ kò ju nǹkan bí kílò 200 sí 250. Omi tí jáàkì ń fún jáde tó lítà 200 sí 300, èyí tó kù ni iná àgbadà ń lé lọ. A ò tíì ka omi ìfọ̀ mọ́ ọn o. Ibùdó tí kò tóbi, tó ń rin tọ́ọ̀nù 3 lójúmọ́, omi fífún rẹ̀ á máa tó lítà 750. Bí a bá fi omi ìfọ̀ kún un, á sún mọ́ 2,000. Ẹ wá ka iye ẹ́ńjìnnì tó wà lágbègbè yín, kí ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ẹ ní orúkọ wọn lọ́wọ́, torí àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì mọ gbogbo wọn.

Kí ló wà nínú omi náà tó fi ń ṣe báyìí? Májèlé wà níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tútù ní èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin, èròjà kejì tó lè tú u ká, linamarase, sì wà lọ́tọ̀ nínú ara ẹ̀gẹ́ kan náà. Wọn kì í pàdé títí ẹ́ńjìnnì á fi rin ẹ̀gẹ́ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni sáyánáìdì, májèlé náà gan-an, ti ń jáde. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì tí eyín rẹ̀ ti kú fi léwu: ẹ̀gẹ́ tó bá rin ní kókókó, májèlé inú kókó yẹn ò tíì tú, ọjọ́ púpọ̀ nínú àpò kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Èyí tó tú, apá kan ń fò lọ, apá kan ń bá omi jáàkì lọ, ooru àgbadà sì ń lé èyí tó kù. Gàrí tí wọ́n rin kúnná, tí wọ́n fún dáadáa, tí wọ́n yan dáadáa, kò ní í pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó mu omi ìdí jáàkì ní tútù lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Omi náà tún kan gan-an, débi pé ó ń jẹ sìmẹ́ǹtì. Èyí tó sì ń pa odò jù nínú gbogbo rẹ̀ kì í ṣe májèlé rárá. Ìyẹ̀fun àti ṣúgà tó yọ́ sínú omi ni. Oúnjẹ ni fún àwọn kòkòrò tí ojú ò rí. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á bí síi, wọ́n á rẹ̀ síi, wọ́n á sì mí gbogbo ọ́síjìn inú odò tán mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ọ́síjìn tí lítà omi fífún kan máa gbà kó tó jẹrà tán sábà máa ń ju mílígíráàmù 10,000 lọ. Omi ìdọ̀tí ilé tí ènìyàn ń gbé kì í sábà dé 1,000. Odò Ọ̀ṣun tó gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí ọ̀sà lè gbé díẹ̀ mì nígbà òjò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọ̀ṣun là ń da tiwa sí. Àwọn odò kéékèèké ni, àwọn tí ọmọdé lè fò kọjá nínú oṣù Kejì, tí omi wọn ń dín kù nígbà tí omi gàrí ò dín kù.

Ohun tí mo ń tọrọ ni kòtò onílé mẹ́ta, ìyẹn kòtò tí a pín sí yàrá mẹ́ta tí omi ń ti ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìdí jáàkì kí omi lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Fún ibùdó tó ń rin tọ́ọ̀nù 3 lójúmọ́, kí ilé kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 2, kó fẹ̀ ní mítà 1.25, kí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 1. Lítà 2,500 nìyẹn, ó ju omi ọjọ́ kan lọ díẹ̀. Omi tó wọlé lónìí á lò tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kó tó jáde nílé kẹta. Bí a bá gbé ògiri dé mítà 1.2, nǹkan bí 200 búlọ́ọ̀kù ló máa gbà. Ẹ má jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe kankan sọ fún yín pé kòtò jíjìn ló dára. Ènìyàn ni yóò máa fi ṣọ́bìrì kó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní apá Waterside àti àwọn ibi tí omi ilẹ̀ ti súnmọ́ òkè, ẹ má tilẹ̀ gbẹ́lẹ̀. Ẹ mọ ọ́n sókè, kí ẹ sì gbé jáàkì gorí pèpéle.

Ilé kìíní ni ìyẹ̀fun ti ń sùn. Bí omi bá dúró jẹ́ẹ́ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ìyẹ̀fun á ti rọ̀ sílẹ̀, á le lábẹ́ ṣọ́bìrì. Àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n kó o, kí wọ́n tó fún àpò tuntun. Bó bá ju ọjọ́ méjì lọ níbẹ̀, yóò rà, òórùn rẹ̀ yóò sì burú ju ti àtijọ́ lọ. Ìyẹ̀fun yìí dára fún oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ tí a bá sá a gbẹ, àwọn alágbàfọ̀ sì lè fi le aṣọ. Ìyá tó bá fẹ́ sítáàṣì jíjẹ, abọ́ mímọ́ lábẹ́ jáàkì ni kó ti gbà á, kó sì fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò gbọdọ̀ bù ú nínú kòtò.

Páìpù ínǹṣì 4 ni kó so ilé kan mọ́ èkejì, kí ẹnu rẹ̀ tẹrí ba sínú omi ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan, kí fòófò òkè má bàa bá a kọjá. Ilé kejì wà fún eérú. Gbogbo ibùdó gàrí ló ní òkìtì eérú lẹ́yìn ààrò tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa dà á sí, bẹ́ẹ̀ eérú igi ń pa kíkan omi. Kí wọ́n máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa fi bébà àyẹ̀wò tó ń yí àwọ̀ wò ó, irú èyí tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì fi ń mọ ásíìdì. Lórí òṣùwọ̀n pH, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń kéré sí i bí omi bá ṣe ń kan sí i, omi tó wọlé ní bí 4, a fẹ́ kó jáde ní 6 tàbí 7. Èrè mìíràn wà nínú eérú yìí. Lára májèlé ẹ̀gẹ́ kì í fẹ́ tú nígbà tí omi bá kan, ṣe ló ń dì mọ́ omi. Bí kíkan bá rọ̀, á tú, á fò lọ. Nítorí èyí, kí ojú kòtò fẹ̀ kó sì ṣí sílẹ̀ sí afẹ́fẹ́.

Ilé kẹta, òkúta wẹ́wẹ́ ni kó kún inú rẹ̀. Bó bá lè jẹ́ irú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, èyí tí Ọlọ́run fi sábẹ́ ilẹ̀ Ṣágámù, ó dára jù lọ, torí òun náà ń pa ásíìdì. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí yóò máa bo òkúta náà lára, iṣẹ́ rẹ̀ á sì dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Kí wọ́n máa kó o síta fọ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Láti ibẹ̀ ni omi ti ń lọ sínú sókàwéè, tàbí sínú ihò gígùn láàárín oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ní ibi tó kéré tán jìnnà ní mítà 30 sí kànga èyíkéyìí, tó sì rẹlẹ̀ jù ú lọ.

Mo mọ ohun tó máa ń ba irú kòtò yìí jẹ́, torí náà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ kí ẹ tó fún agbaṣẹ́ṣe lówó. Omi kíkan á jẹ ògiri: kí wọ́n rẹ́ ẹ nínú, kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn ún lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tó bá gbẹ tán, tàbí kí wọ́n tẹ́ tàpólì tó nípọn sí i. Àgbàrá òjò á ya wọ inú rẹ̀ ní oṣù Kẹfà, á gbá ìyẹ̀fun àti ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ kan jáde lọ sí odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: kí ògiri yọrí tó ẹsẹ̀ bàtà kan sókè ilẹ̀, kí gọ́tà kékeré sì yí i ká. Nǹkan kẹta ni mo fi ń bẹ̀ yín jù. Ẹ má fi kọnkéré bò ó pa. Gáàsì máa ń kó jọ sábẹ́ ìdérí, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bá ní kó wọlé lọ kó ìdọ̀tí lè má jáde mọ́, ẹni tó wọlé lọ fà á á sì kú tẹ̀lé e. Wáyà oníhò ni kí ẹ fi bò ó, kí ọgbà sì wà yí i ká nítorí ọmọdé àti ewúrẹ́.

Àwọn kan yóò wá bá yín pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń sọ ìdọ̀tí di gáàsì ìdáná. Kò burú, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí olùtọ́jú bá wà. Àmọ́ àwọn kòkòrò tó ń ṣe gáàsì náà kì í fara da ásíìdì. Bí wọ́n bá da omi gàrí lé wọn lórí bó ṣe wà, wọ́n á kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, táńkì olówó ńlá á sì di ilé ẹ̀fọn. Ìgbẹ́ màlúù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún inú rẹ̀, kí omi gàrí máa wọ̀ ọ́ ní díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí eérú bá ti pa á. Ẹ jẹ́ ká mọ kòtò onílé mẹ́ta ná.

Ní Brazil, ibi tí ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀ wá, àwọn ará Pará kì í da omi yìí nù. Wọ́n ń sè é títí májèlé inú rẹ̀ á fi lọ tán, wọ́n sì ń fi se ọbẹ̀, tucupi ni wọ́n ń pè é. Mi ò ní ká máa se é ní Ìjẹ̀bú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tí à ń dà sódò yìí, ibòmíràn ń pa á mọ́.

Èèpo ńkọ́? Ìyẹn ni òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ibùdó, tó ń jẹrà nígbà òjò, tí wọ́n ń dáná sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Níbí gan-an ni owó wà, ẹ sì lè rí i láìpẹ́. Ní Ìbàdàn, nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn onímọ̀ àjọ ILRI tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn ti fi hàn pé ẹ̀rọ tí a ní nílẹ̀ náà ló lè sọ èèpo di oúnjẹ ẹran láàárín ọjọ́ méjì. Wọ́n á ṣa ìdí igi àti òkúta kúrò nínú èèpo tuntun. Wọ́n á rin ín lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹ́ńjìnnì gàrí. Wọ́n á dà á sápò, wọ́n á fi jáàkì fún un, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀, wọ́n á fọ́ ìṣù náà, wọ́n á tún un rin, wọ́n á fi asẹ́ yà á sọ́tọ̀: èyí tó kúnná fún adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí kò kúnná tó bẹ́ẹ̀ fún màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́. Oòrùn wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lórí tàpólì dúdú ti tó láti gbẹ ẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, àgbadà gàrí á yan án. Tọ́ọ̀nù èèpo tútù 3 ń fúnni ní tọ́ọ̀nù gbígbẹ 1.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìdádúró. Èèpo tó ti sun ọjọ́ mẹ́ta lórí ilẹ̀ ti bu, bíbu yẹn sì lè pa adìyẹ. Iyanrìn náà ń bà á jẹ́, torí náà orí sìmẹ́ńtì ni kí wọ́n ti máa bó ẹ̀gẹ́. Ọ̀kan lára ohun tó wọ́n jù lọ́wọ́ àwọn olùsìn adìyẹ wa ní Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣágámù ni àgbàdo. Kì í ṣe gbogbo àgbàdo ni èèpo lè rọ́pò, torí purotéènì rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó lè gba ipò lára rẹ̀. Ẹ pe àwọn olùsìn adìyẹ àti àwọn onígàrí jókòó sínú gbọ̀ngàn kan náà. Omi tí wọ́n bá fún lára èèpo náà, inú kòtò onílé mẹ́ta ni kó lọ. Májèlé rẹ̀ ju ti inú ẹ̀gẹ́ lọ.

Mo ní màá padà sórí ọjọ́ kíkan. Gàrí Ìjẹ̀bú tí ayé ń wá, tí àwọn tó wá ṣe Ojúde Ọba ń dì lọ, tí àwọn ìyá ń kó fún ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó nílò ọjọ́ 3 sí 5 nínú àpò, àwọn kan ń fi í dé ọjọ́ 7. Ó gbọ́dọ̀ kan, kó kúnná, kó gbẹ, kó má ní epo nínú, kó jẹ́ pé bí a bá da omi tútù lé e pẹ̀lú ẹ̀pà àti ẹja díndín, yóò wú, yóò sì ṣì máa ró lẹ́nu. Nígbà tí owó ẹ̀gẹ́ lọ sókè, tí owó dísẹ́ẹ̀lì lọ sókè, tí tíkẹ́ẹ̀tì di oríṣi mẹ́ta, ọjọ́ kíkan nìkan ni ìyá onígàrí lè gé láì bá ẹnikẹ́ni jà. Ọjọ́ márùn-ún di méjì, méjì di ọ̀kan. Jáàkì á fún un gbẹ lọ́jọ́ tí wọ́n rin ín, omi tó yẹ kó fi kan á ti lọ. Ohun tó ń jáde funfun dáadáa lójú, ṣùgbọ́n kò ní adùn kankan, àwọn oníṣòwò á sì kọ "Ìjẹ̀bú" sí ọ̀rá rẹ̀ lára.

Ẹ̀yin lè ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀ láì ná owó púpọ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n gé ọjọ́ ni pé àyè kò sí: àpò tó ń kan lọ́jọ́ márùn-ún ń gba ìlọ́po márùn-ún àyè. Àtíbàbà alápá mẹ́rin tí a da sìmẹ́ńtì sí nílẹ̀, tó ní pèpéle onígi tí àpò á máa jókòó lé, ti tó. Ibẹ̀ náà ni kí ọ̀gá wọn ti máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun bí a ṣe ń mọ ìṣù tó ti fún dé ojú ìwọ̀n. A á bù ú, a á fọwọ́ fún un. Tó bá dì lọ́wọ́, tó sì fọ́ nígbà tí àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ti tó. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, omi ṣì pọ̀, yóò di kókó lórí iná, ìta rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á tutù, á sì bu láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá gbẹ jù, ìyẹ̀fun lásán ni yóò dà, kò ní wú lómi. Ìlànà Codex, tí FAO àti WHO, àjọ oúnjẹ àti àjọ ìlera àgbáyé, jọ gbé kalẹ̀ fún oúnjẹ tó ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, ní kí omi inú gàrí má ju ìdá 12 nínú 100 lọ, kí sáyánáìdì rẹ̀ má sì ju mílígíráàmù 2 nínú kílò kan. Gàrí àtijọ́ tiwa, tí a ṣe láìkánjú, lè dé ibẹ̀ láìsí oògùn kankan.

Lórí èéfín, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ mọ ògiri sáàárín ẹni tó ń yan gàrí àti ẹnu ààrò, kí wọ́n máa ti igi bọ iná láti òdìkejì, kí páìpù èéfín sì yọ kọjá òrùlé. Ojú àwọn ìyá wa ń fọ́.

Ohun kan wà tí kì í sí nínú ìwé iṣẹ́ ìjọba. Kí ló gbé ìdí gàrí dé etí odò? Omi ìfọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń rin ẹ̀gẹ́ létí odò nítorí pé ó fẹ́ràn ẹ̀fọn. Bí ẹ bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí orí ilẹ̀ gíga, tí ẹ sì gbé táńkì lítà 5,000 kan sókè rẹ̀, ibùdó náà á kúrò létí odò fúnra rẹ̀, kò ní gba ọlọ́pàá. Àmọ́ bí ẹ bá kọ́kọ́ kọ́ àtíbàbà tuntun láìsí omi níbẹ̀, òfìfo ni yóò wà, tí àwọn ọmọ á máa gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Omi ni kó ṣáájú.

Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè bóyá iṣẹ́ yín ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, kọ ọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́rùn pé tiyín ni kíkó ìdọ̀tí àti omi ẹ̀gbin, ó sì ní kí ẹ lọ́wọ́ nínú ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ lórí àyíká, a kò sọ pé kó fọwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n 200 búlọ́ọ̀kù kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń dúró de gómìnà fún.

Ní ti àwọn tí yóò máa tọ́jú kòtò náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba òṣìṣẹ́ kan láti ọ́fíìsì wá síbẹ̀. Kò ní wá lọ́jọ́ òjò. Ẹ fi í lé àwọn onígàrí lọ́wọ́, kí ẹ jẹ́ kí ìdá díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì ibùdó náà padà sọ́dọ̀ wọn lóṣooṣù fún ẹni tó ń kó ìyẹ̀fun láàárọ̀ àti ẹni tó ń fọ òkúta. Kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n kó sínú ìwé. Iṣẹ́ wolé-wolé á wá di kó yẹ ìwé yẹn wò, kó ti bébà àyẹ̀wò bọ omi tó ń jáde nílé kẹta, kó sì lọ. Bí omi bá ṣì kan, kó béèrè eérú, kó má béèrè owó.

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni ilẹ̀ wa ń gbẹ tó láti mọ irú kòtò yìí kí ọ̀dà lè gbẹ lára ògiri. Kí alága kọ̀ọ̀kan yan ibùdó kan ṣoṣo nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, èyí tí omi rẹ̀ súnmọ́ odò jù tàbí tó súnmọ́ ilé-ìwé jù. Mẹ́sàn-án nìyẹn ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Kí ẹ tó ya àwòrán rẹ̀, ẹ lọ jókòó ti àwọn ìyá tó ń fún gàrí níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, kí ẹ wọn omi tó jáde lábẹ́ jáàkì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Wọ́n á sọ ibi tí àgbàrá ń gbà wọlé fún yín, wọ́n á sì sọ bóyá mítà 2 tó tàbí kò tó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó wà nídìí iṣẹ́ gàrí.